Kí A Tó Ka Orúkọ: Àgbéyẹ̀wò Ìkójọ àti Ìdíyelé Idà Àtijọ́ Ilẹ̀ Jàpáànù

Idà márùn-ún ló wà lórí tábìlì gígùn, wọ́n sì ti fi aṣọ di ìdí gbogbo wọn pinpin kí ẹnikẹ́ni má baà rí orúkọ tí alágbẹ̀dẹ gbẹ́ sí i. Iná gílóòbù kan so rọ̀ lókè. Ẹni tó bá kàn á kọ́kọ́ tẹrí ba fún idà, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, á nà án sí ìmọ́lẹ̀, kò sì ní sọ̀rọ̀ rárá, torí itọ́ bíńtín tó bá ta sára irin tó dán bẹ́ẹ̀ lè di ìpáàrà. Nígbà tó bá wò ó tán, á kọ orúkọ alágbẹ̀dẹ tó rò pé ó rọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, á fún adájọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni adájọ́ á kọ padà. Bó bá kọ atari, o gbà á. Bó bá kọ dozen, kì í ṣe òun gan-an lo dárúkọ, ṣùgbọ́n ará ilé rẹ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bó bá kọ iya, o ṣìnà pátápátá, kí o padà lọ wò ó.

Kantei ni wọ́n ń pe ìdánwò yìí. Wọ́n ń ṣe é ní Tokyo, wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí èmi ti kọ́kọ́ fojú kàn án. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí idà kí n tó débẹ̀, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé orúkọ ni nǹkan, pé téèyàn bá ti mọ ẹni tó rọ idà, ó ti mọ iye rẹ̀ nìyẹn. Aṣọ tí wọ́n fi di ìdí àwọn idà yẹn ló yí mi lérò padà. Nínú gbogbo ohun tó wà lára idà àtijọ́, orúkọ ló rọrùn jù láti fi purọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irin ṣóńṣó àti òòlù lè gbẹ́ orúkọ sí nǹkan. Ara irin ni kò ṣeé gbẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni pé: kí la fi ń mọ idà? Àwọn ẹlẹ́rìí pọ̀. Ara irin ń jẹ́rìí, ìdí ń jẹ́rìí, orúkọ ń jẹ́rìí, ìwé ẹ̀rí ń jẹ́rìí, ẹni tó ń ta idà náà sì ní ìtàn tirẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rí wọn kò wúwo bákan náà, ọ̀pọ̀ owó ló sì ti ṣègbé nítorí pé ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹlẹ́rìí tó kéré jù.

Irin idà yìí kì í ṣe irin lásán. Yanrìn dúdú tó ní irin nínú ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ èédú nínú ìléru amọ̀ tó ń jẹ́ tatara, wọ́n á sì máa fẹ́ná sí i fún ọjọ́ mẹ́ta tọ̀sán-tòru. Ọ̀kan ṣì wà ní Okuizumo ní ẹkùn Shimane tí wọ́n ń dáná sí nígbà òtútù. Ọdún 1977 ni wọ́n jí i dìde kí àwọn alágbẹ̀dẹ òde òní lè rí irin gidi lò. Bí iná bá parí iṣẹ́, wọ́n á wó ìléru náà, wọ́n á yọ òkìtì irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á ṣa èyí tó dáa jù lọ nínú rẹ̀. Tamahagane nìyẹn. Alágbẹ̀dẹ á mú un lọ sídìí ẹwìrì, á lù ú, á ká a, á tún lù ú, á tún ká a, títí ara irin á fi ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìlà ara pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Nígbà tí idà bá ti ní ìrísí, á fi amọ̀ kùn ún. Amọ̀ ẹ̀yìn nípọn, ti ojú fẹ́lẹ́. Á fi í sínú iná títí àwọ̀ iná náà á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wá rì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú idà á tutù wàràwàrà, á le. Ẹ̀yìn á tutù díẹ̀díẹ̀, á sì ní ìrọ̀ tí kò fi ní ṣẹ́. Ibi tí líle àti rírọ̀ ti pàdé ni àlà funfun kan ti ń yọ jáde láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó, bí ìkùukùu tó bà lé odò láàárọ̀ ọyẹ́. Hamon ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá na idà sí iná tí ẹ sì yí i díẹ̀, ẹ ó rí i pé àlà náà kì í ṣe ìlà lásán: ẹyọ wóró-wóró tó ń tàn bí yanrìn létí òkun ló wà nínú rẹ̀, tàbí kó jẹ́ èéfín funfun tí ojú kò lè ya sọ́tọ̀. Ti wóró ń jẹ́ nie, ti èéfín ń jẹ́ nioi. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé ènìyàn kan kò ṣe jọ ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ amọ̀, iná àti omi alágbẹ̀dẹ kan kò jọ ti ẹlòmíràn.

Wíwò náà ní ètò, àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í sì í tàsé ètò ọ̀hún. Ìrísí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, torí ìrísí ló ń sọ ìgbà. Idà ìgbà Kamakura, láàárín 1185 sí 1333, ẹni orí ẹṣin ni wọ́n rọ ọ́ fún: ó gùn, ó tẹ̀ dáadáa nítòsí èèkù, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń tín-ín-rín lọ dé ṣóńṣó kékeré. Nígbà tó di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, idà di ràgàjì, ṣóńṣó rẹ̀ gùn bí nǹkan míì. Nígbà tí ogun ẹlẹ́sẹ̀ wá gbilẹ̀, idà kúrú kó lè yá fà yọ. Èyí tí wọ́n rọ nígbà Kanbun, ní 1661 sí 1673, fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ ganran. Ẹni tó bá ti mọ ìwọ̀nyí á mọ ìgbà tí wọ́n rọ idà kó tó sún mọ́ ọn tán.

Lẹ́yìn ìrísí ni ìlà ara irin, èyí tó ń sọ ìlú. Ilé-ẹ̀kọ́ alágbẹ̀dẹ márùn-ún ni àwọn ará Jàpáànù ń kà. Ti Yamashiro, ní agbègbè Kyoto, irin rẹ̀ kúnná, hamon rẹ̀ sábà máa ń tọ́, ó sì ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ti Yamato, tó sún mọ́ àwọn tẹ́ḿpìlì Nara, ìlà ara rẹ̀ ń lọ tààrà. Ti Mino, ní Seki, hamon rẹ̀ ń yọ ṣóńṣó ṣóńṣó. Ti Sagami kún fún nie tó ń kọ mànà. Ti Bizen ni mo fẹ́ràn jù: hamon rẹ̀ ń yọ bí òdòdó kànáfùrù tó so pọ̀, òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì máa ń hàn lókè rẹ̀ lára irin, bí ìgbà téèyàn mí sára dígí. Hamon yìí ló gbẹ̀yìn nínú ètò wíwò, òun àti bó ṣe yí padà ní ṣóńṣó, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ ti ń hàn.

Ẹ kíyè sí i pé a ti mọ ìgbà, a ti mọ ìlú, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ẹni náà, a kò tíì tú aṣọ ìdí. Ní ọdún 2020, ìlú Setouchi ní ẹkùn Okayama, níbi tí Osafune ilé àwọn alágbẹ̀dẹ Bizen wà, ra tachi kan, ìyẹn idà gígùn tó tẹ̀, tó ń jẹ́ Sanchomo padà wá sílé. Wọ́n ní Uesugi Kenshin, jagunjagun ńlá ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ló ni ín nígbà kan. Mílíọ̀nù 500 yen ni wọ́n san, ọ̀pọ̀ nínú owó náà sì jẹ́ ohun tí àwọn èèyàn dá jọ. Kò sí orúkọ alágbẹ̀dẹ kankan lára idà náà. Ara rẹ̀ ló sọ pé ọmọ ilé Ichimonji ti Bizen lòun.

Wàyí o, ká tú aṣọ.

Ìdí idà, ibi tó wọ inú èèkù, ni wọ́n ń pè ní nakago. Gbogbo ara idà ni wọ́n ń pọ́n tí wọ́n ń dán, àfi ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí alágbẹ̀dẹ ti parí iṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi nǹkan kàn án. Ìpáàrà ń pọ̀ sí i lórí rẹ̀ láti ìran dé ìran, àwọ̀ ìpáàrà náà sì ni kàlẹ́ńdà idà. Ti idà tó ti lo 600 tàbí 700 ọdún dúdú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń dán díẹ̀ bí èkùrọ́ tó gbẹ dáadáa. Ti idà tí kò tíì pé 100 ọdún ṣì pọ́n bí irin tí òjò pa. Lábẹ́ ìpáàrà yẹn ni ìlà ayùn tí alágbẹ̀dẹ fi parí iṣẹ́ rẹ̀ wà, tó lè dúró ní ìbú tàbí kó dagun, nítorí ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ihò tí èèkàn oparun ń gbà wọlé láti di èèkù mú náà wà níbẹ̀: bí ihò bá ju ẹyọ kan lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé idà náà kúrú rí tàbí kí wọ́n ti pààrọ̀ èèkù rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdí tí ìpáàrà rẹ̀ dúdú ṣùgbọ́n tí inú orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sí i mọ́, tí etí lẹ́tà rẹ̀ ṣì mú, ẹ jẹ́ kí ara fu yín. Ìdí ti darúgbó, orúkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ọmọ ọwọ́.

Mo rántí ọkùnrin kan tó gbé idà baba rẹ̀ wá síbi ìpàdé kan. Baba náà jagun ní Éṣíà, ó mú un bọ̀ nígbà tí ogun parí, ó sì fi pamọ́ sókè àjà fún nǹkan bí 50 ọdún. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó dùn ún wò kó tó gbé e fún wa. Ó ti fi bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó ha gbogbo ìdí rẹ̀ títí ó fi funfun báláú. Ó ní fọ́tò tó yà kó tó fọ̀ ọ́ lọ́wọ́: ìpáàrà dúdú jọ̀lọ̀, lẹ́tà méjì tó rọra ń hàn bí ẹni pé wọ́n ń sinmi nínú rẹ̀. Àgbàlagbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mú fọ́tò náà, ó mú idà, ó wo ọ̀kan títí, ó wo ìkejì, ó sì rọra gbé méjèèjì kalẹ̀. Kò bá a wí. Ohun tó sọ kò ju pé ẹ̀rí tó tó 400 ọdún ló ti bá bébà yẹn lọ. Ó dùn mí títí di òní. Nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí lòun máa kọ́kọ́ ṣe sí idà tóun bá nílé, ìdáhùn mi ni pé kó má ṣe nǹkan kan. Kó má fọ̀ ọ́, kó má pọ́n ọn, kó má fi ìka kàn án, kó fi òróró tí kò ní àbùlà pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nípa orúkọ, ìtàn rẹ̀ gùn, irọ́ inú rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tí àwọn Tokugawa ń ṣàkóso láti 1603 títí di 1868, ogun rọlẹ̀, idà wá di ẹ̀bùn láàárín àwọn ìjòyè. Ẹni tó gorí oyè ń fi idà ránṣẹ́ sí shogun, ọ̀gá ogun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Ẹni tó ń fọ́mọ fọ́kọ ń fi idà ránṣẹ́. Àpọ́nlé wà nínú orúkọ ńlá, àwọn tó ní orúkọ ńlá kò sì pọ̀ tó ẹ̀bùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Masamune ti Sagami, tó ṣiṣẹ́ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹrìnlá, kì í sábà gbẹ́ orúkọ sí idà rẹ̀; mẹ́ta péré tó ní orúkọ ni àwọn onímọ̀ gbà tọkàntọkàn, ọ̀bẹ ogun kúkúrú sì ni wọ́n. Síbẹ̀, idà tí wọ́n gbẹ́ Masamune sí kún ayé. Ti Kotetsu náà kò yàtọ̀. Ẹni yìí ń rọ ẹ̀wù irin kó tó di pé ó yà sídìí idà nígbà tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ní Edo tó di Tokyo lónìí. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn akójọ-idà ń sọ pé bí o bá rí Kotetsu, kọ́kọ́ gbà pé irọ́ ni.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Orúkọ gidi ti sọnù lára ọ̀pọ̀ idà gidi. Nígbà tí àwọn jagunjagun sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin tí wọ́n fẹ́ idà kúkúrú, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gé idà gígùn àtijọ́, orúkọ sì bá èyí tí wọ́n gé lọ. Àwọn kan kò lè gbà kí orúkọ náà ṣòfò. Mo ti rí idà kan tí wọ́n gé orúkọ rẹ̀ bí onígun mẹ́rin kékeré, tí wọ́n wá fi ṣe àlẹ̀mọ́ sínú ìdí tuntun, tó bọ́ sínú ihò rẹ̀ wẹ́kú bí fọ́tò nínú férémù. Òmíràn, wọ́n fi ibi orúkọ sílẹ̀ ní tínrín, wọ́n ṣẹ́ ẹ padà sókè, wọ́n kàn án mọ́ apá kejì, orúkọ wá dorí kodò. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ mọyì alágbẹ̀dẹ.

Àríyànjiyàn kan wà tí kò tíì tán lórí ayédèrú orúkọ. Bí idà bá dára ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ irọ́, ẹgbẹ́ tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí kì í fún un níwèé. Àwọn kan á wá ha orúkọ náà kúrò, wọ́n á sọ idà di aláìlórúkọ, wọ́n á tún gbé e padà lọ gba ìwé. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é yé mi, ṣùgbọ́n èrò mi ni pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tó bá wà, àfi tí gbogbo ojú tó mọ̀ bá ti fẹnu kò. Àwọn tó ń yẹ idà wò ti yí èrò padà rí. Orúkọ tí wọ́n pè ní irọ́ ní ìran kan lè jẹ́ òótọ́ ní ìran kejì, bí wọ́n bá rí òmíràn tó jọ ọ́. Èyí tí wọ́n ti ha kò ní padà wá jẹ́rìí.

Ìwé ẹ̀rí ti wà tipẹ́. Ìdílé Hon'ami ló ń pọ́n idà tó sì ń yẹ idà wò fún àwọn alágbára láti ìgbà àwọn shogun Ashikaga wá. Hideyoshi tó so Jàpáànù ṣọ̀kan fún Hon'ami Kotoku ní òǹtẹ̀ tí yóò máa tẹ̀ sórí ìwé rẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ iye owó wúrà tí idà tó sínú ìwé ọ̀hún. Ní 1719, wọ́n kó àwọn idà olókìkí jọ sínú ìwé kan fún shogun Yoshimune, àwọn tó ń ra idà sì ń ṣí ìwé yẹn wò títí di ìsinsìnyí. Lóde òní, ẹgbẹ́ NBTHK tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, tó ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Idà ní Ryogoku ní Tokyo, ló ń fúnni ní ìwé tó gbajúmọ̀ jù. Ìpele mẹ́rin ni: Hozon, Tokubetsu Hozon, Juyo, àti Tokubetsu Juyo tó ga jù. Bí idà bá ṣe ń gun ìpele ni owó rẹ̀ ń gun òkè, nígbà mìíràn ní ìlọ́po púpọ̀, bẹ́ẹ̀ irin kan náà tó wà lórí tábìlì lánàá ni.

N kò bá ìwé ẹ̀rí jà. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n wò ní láti gbára lé ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìwé gidi sì ń gba àlejò lọ́wọ́ oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí àwọn olówó ń ra ìwé tí wọ́n gba idà ní ẹ̀bùn. Wọ́n á ka ìpele, wọ́n á ka orúkọ, wọn kò ní fa idà yọ nínú àkọ̀ rẹ̀. Ìwé kì í sọ fún yín pé wọ́n ti pọ́n idà náà ní àpọ́njù. Pípọ́n kọ̀ọ̀kan ń jẹ lára irin. Bó bá pẹ́, awọ òde á tán, irin inú tó rí játijàti á yọ jáde bíi gbòǹgbò nínú ilẹ̀ tí àgbàrá ti fọ̀. Èyí tó sì burú jù lọ nínú gbogbo àléébù, ìyẹn hagire, ìlà tó sán lójú idà tó fẹ́lẹ́ bí irun, ojú yín gan-an ló gbọ́dọ̀ wá a lábẹ́ iná. Idà tó bá ní in ti kú, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó.

Báwo ni àwọn idà yìí ṣe dé ọ̀nà jíjìn réré tí wọ́n dé? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdè wọn já. Ní oṣù kẹta ọdún 1876, ìjọba Meiji fòfin de gbígbé idà kiri. Samurai, jagunjagun ìgbà náà, tí kò rí owó oṣù mọ́ ta ohun ìní rẹ̀, àwọn ọkọ̀ òkun òyìnbó sì kó wọn lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà ní Boston, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní New York, ìgbà yẹn ni wọ́n gbéra nílé. Ìgbà kejì ni 1945. Àwọn ọmọ ogun tó gba Jàpáànù pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo idà wá. Wọ́n da àwọn kan sínú òkun, wọ́n yọ́ àwọn kan, sójà sì mú ọ̀kẹ́ àìmọye relé gẹ́gẹ́ bí ìkógun. Honma Junji àti Sato Kan'ichi, ọ̀mọ̀wé méjì lórí idà, lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá ológun Amẹ́ríkà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Cadwell, wọ́n sì fi yé e pé ọ̀tọ̀ ni ohun ìjà, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ọnà. Ó gbọ́ wọn. Ká ní kò gbọ́ ni, ohun tí mo ń kọ yìí ì bá jẹ́ ìwé ìdárò.

Àwọn bàbá tiwa náà wà nínú ogun yẹn. Ìpín ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, bá àwọn Jàpáànù jà nínú igbó Bọ́mà, ọ̀gá sójà Jàpáànù kì í sì í jáde láìfi idà kọ́ ìbàdí. Nígbà tí àwọn Jàpáànù túúbá, Ọ̀gágun Slim tó ṣáájú ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà fi dandan lé e pé kí àwọn ọ̀gá wọn fi ọwọ́ ara wọn gbé idà lélẹ̀ lójú gbogbo ayé. Púpọ̀ nínú idà ogun yẹn, ẹ̀rọ ló ṣe é. Èyí tí wọ́n fún àwọn sájẹ́ǹtì ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀; tàwọn ọ̀gá sábà ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ní ìdí. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ èèkù sójà tó wọ́pọ̀ bí ewé, ẹ ó bá idà ìdílé kan tó ti tó 500 ọdún, tí baba ọ̀dọ́mọkùnrin kan fà lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ sójú ogun. Ìdí rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Lórí àwọn ohun tó ń bá idà rìn, mo lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tsuba ni àwo irin tó wà láàárín èèkù àti ojú idà, tó ń dáàbò bo ọwọ́. Àwọn fìlà kékeré wà ní orí èèkù àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ère wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ menuki wà lábẹ́ okùn tí wọ́n fi wé e, ọ̀bẹ kékeré kan sì ń gbé ẹ̀gbẹ́ àkọ̀. Ìdílé Goto, láti orí Yujo tó kú ní 1512, ló ṣe wọ́n fún àwọn shogun láti ìran dé ìran títí ìjọba fi yí padà. Wúrà díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ bàbà, wọ́n á sè é nínú omi egbòogi, yóò sì dúdú dúdú tó ní búlúù nínú, bí ara ẹyẹ ìwò tí oòrùn mú. Shakudo nìyẹn. Bí fàdákà tí wọ́n pò mọ́ bàbà bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin, eérú ni àwọ̀ rẹ̀ ń jọ, wọ́n sì ń pè é ní shibuichi, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Lórí shakudo ni wọ́n ń lu ẹyin ẹja sí, ẹyọ róbótó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ìlù kan fún ẹyọ kan, kò sì sí èyí tó gun orí èkejì. Mo gbé ọ̀kan sábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo wá ìlù tó ṣìnà, n kò rí i. Nígbà tí òfin 1876 dé, Kano Natsuo, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí, ti di ẹni tó ń gbẹ́ àwòrán owó ẹyọ fún ìjọba tuntun.

Tsuba rọrùn láti kó jọ ju idà lọ: ó wọ inú àpò, kì í fa wàhálà níbodè, owó rẹ̀ sì lè mọ níwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ayédèrú rẹ̀ fi pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Peckham ra ọ̀kan níbi ọjà ọjọ́ Àìkú, inú rẹ̀ dùn, ó gbé e wá. Àwòrán ẹyẹ àkọ̀ ló wà lára rẹ̀, wọ́n dá ihò sí i lára. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka yín wo inú ihò yìí." Ó fi wò ó. Ìlà kan wà tó gbé sókè díẹ̀ yí ká inú ihò náà, bí èyí tó máa ń wà lára abọ́ rọ́bà níbi tí apá méjì ohun tí wọ́n fi dà á ti pàdé. Dídà ni wọ́n dà á. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gé, ayùn ni yóò fi ojú ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ihò. Ìpáàrà rẹ̀ náà pọ́n tó ń ràn mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Irin tsuba àtijọ́ dúdú, ó ń dán bí awọ bàtà tí wọ́n ti ń nù láti ọdún gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé o lè mú mi lọ síbi tí mo ti máa rí ojúlówó?" A jọ lọ sí Victoria and Albert Museum ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a dúró níwájú àpótí dígí kan títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn.

Ohun kan ń dùn mí nínú òwò yìí: bí wọ́n ṣe ń tú idà ká. Èèkù, tsuba àti àkọ̀ tó ti bá irin kan gbé fún 200 ọdún, wọ́n á tú wọn, wọ́n á lu ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbàǹjo, torí owó wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju àpapọ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lára idà ló jọ bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni, samurai náà ń pààrọ̀ wọn bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ. Àmọ́ èyí tó bá wà pa pọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kó wà pa pọ̀.

Nípa òfin, kí n yára sọ ọ́. Ní Jàpáànù, ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ ẹ̀kọ́ ẹkùn gbọ́dọ̀ bá idà kọ̀ọ̀kan rìn, kò sì gbọ́dọ̀ jáde nílùú láìgba àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2008 ni wọ́n ti de títa idà tó tẹ̀ tí gígùn rẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1954 tàbí tí wọ́n fi ọwọ́ rọ ní ìlànà ìbílẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òfin náà. Ẹ rí i pé kódà níwájú òfin, ìmọ̀ ojú ni yóò sọ èyí tó jẹ́ èwo.

Walter Compton, ọ̀gá ilé iṣẹ́ oògùn ní Amẹ́ríkà, ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Idà kan tí Kunimune rọ dé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó rí i pé ohun ìní ojúbọ Terukuni ní Kagoshima ni, tó sọnù nígbà tí wọ́n ń kó idà ní 1945. Ní 1963, ó dá a padà, kò gba kọ́bọ̀. Ojúbọ yẹn ló ni ín dòní.

Èyí tí kò tíì padà ni Honjo Masamune. Orúkọ jagunjagun tó gbà á lójú ogun ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni wọ́n fi pè é. Wọ́n ní idà náà la àṣíborí rẹ̀, kò sì pa á. Ó dé ọwọ́ ìdílé Tokugawa, wọ́n sì pè é ní ìṣúra orílẹ̀-èdè ní 1939. Ní oṣù kejìlá 1945, olórí ìdílé náà, Tokugawa Iemasa, gbé e pẹ̀lú àwọn idà mìíràn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Mejiro ní Tokyo, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Láti ìgbà tó ti kúrò ní àgọ́ ọ̀hún, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wà. Ìtàn rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ wà nínú ìwé, nǹkan bí 65 sẹ̀ǹtímítà. Ó lè wà nínú àkọ̀ sójà kan tó ti ya, lókè àjà ilé kan tí àwọn ọmọ-ọmọ ti ń múra láti tà. Kò ní orúkọ lára tí wọ́n lè kà. Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n má fi bébà ha ìdí rẹ̀. Kí wọ́n nà án sí iná, kí wọ́n yí i díẹ̀.